Ẹja striper ń fò lójú mi ní Sandy Hook, kò sì fẹ́ gbé lure mi

Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ará ilé. Newark ni mò ń gbé, ọdún kejì rèé tí mo ti ń fi ọ̀pá ìwọ̀ pẹja létíkun. Láti ìparí oṣù kẹwàá ni mo ti ń wakọ̀ lọ sí Sandy Hook, etíkun kan ní New Jersey níbí, ní gbogbo Sátidé. Lánàá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹyẹ bo ojú omi, ẹja ń ta gìjà, omi ń hó bí ìgbà téèyàn gbé e kaná. Mo ju lure, ẹja ayédèrú tó ní ìwọ̀ lára, títí apá fi ń ro mí, mi ò rí ẹyọ kan. Bàbá òyìnbó tó dúró nítòsí mi fa mẹ́rin sókè. Popper oníínṣì 7, lure onígi tó ń léfòó, ni mò ń lò, mo sì ń yí rílì kíákíá kó lè máa ta omi. Kí ni mo ń ṣì ṣe? Ìyàwó mi ti ní kí n lọ ra ẹja lọ́jà, kí n yé fi epo mọ́tò ṣòfò.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Kú ìrọ́jú, àbúrò. Kí ni ẹja yẹn ń jẹ? O ò sọ ìyẹn fún wa, bóyá o ò tiẹ̀ wò ó. Bí omi bá ti ń tutù nígbà ìwọ́wé báyìí, striper á gbéra láti ọ̀dọ̀ Maine àti Massachusetts, wọ́n á máa gba etíkun lọ sí ìhà Virginia, wọ́n á sì máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tó ń jáde látinú ọ̀sà lójú ọ̀nà. Ọmọ ẹja tí wọ́n ń pè ní bunker ló pọ̀ jù. Ó jọ ṣáwá, ṣùgbọ́n kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹja tó ti ń gbé ohun oníínṣì 3 mì láti ìdájí, o wá ju igi sí i! Ra metal jig kékeré, ìyẹn lure onírin, tàbí soft plastic funfun oníínṣì 4, lure rọ́bà rírọ̀ tó ní orí òjé. Tó bá fi máa di ìparí oṣù kọkànlá, ẹja sand eel ló máa kù, èyí tó tín-ín-rín bí okùn bàtà. Ìgbà yẹn, wá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́.

Má sì jù ú sáàárín ibi tí omi ti ń hó. Tìrẹ á sọnù sáàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ̀gbẹ́ ni kó bọ́ sí. Jẹ́ kó rì, ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó o tó yí rílì. Àwọn àgbà ẹja wà nísàlẹ̀, èyí tó fara pa ni wọ́n ń ṣà jẹ. Yí i pẹ̀lẹ́. Bó o bá rò pé ó ti pẹ̀lẹ́ tó, tún dín in kù.

ỌMỌ ÌLÀJẸ: Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ aago mẹ́wàá ti pẹ́. Ẹni tó bá ń dúró de ẹyẹ á jókòó sínú mọ́tò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Island Beach State Park, etíkun míì ní New Jersey, ni mò ń lọ, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti ń wà níbẹ̀, lure dúdú ni mò ń jù nínú òkùnkùn. Wo ibi tí ìgbì ti fọ́ lókèèrè, tí omi wá rọlẹ̀, kó tó tún fọ́ létí iyanrìn. Kòtò ló wà láàárín yẹn, ibẹ̀ ni striper ń gbà kọjá. Ìgbà mìíràn kì í ju ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ọ lọ. Àwọn èèyàn á wọ omi dé ìdí, wọ́n á gba orí ẹja kọjá, wọ́n á wá máa ju lure sí Pọ́túgà.

SÌSÍ BROOKLYN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹni bá fẹ́ gun òkúta tó wọnú òkun, kó wọ bàtà onírin nísàlẹ̀. Ewédò dúdú yẹn ń yọ̀ ju ọbẹ̀ ilá lọ. Ìgbáròkó mi ò gbàgbé ọdún tó kọjá. Kẹ́ ẹ sì di bẹ́líìtì mọ́ wader yín, ṣòkòtò rọ́bà tẹ́ ẹ fi ń wọ omi, kí omi má bàa kún inú rẹ̀.

BÀBÁ ÌBEJÌ: O ṣeun, ọmọ mi. Àbúrò, ṣé o ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba New Jersey? Ọ̀fẹ́ ni. Striper 1 lóòjọ́, kó tó ínṣì 28, kó má sì tó 31. Èyí tí kò bá bọ́ sáàárín, dá a padà kíákíá. Fi omi pa ọwọ́ rẹ kó o tó dì í mú.

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́! Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ òní, soft plastic funfun. Mo kà dé ẹ̀ta, mo yí rílì lẹ́ẹ̀mejì, ó dà bíi pé lure há sára òkúta. Òkúta ọ̀hún bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ! Ínṣì 34. Mo dì í mú nínú omi títí ó fi mí dáadáa, ó na ìrù, ó da omi iyọ̀ sí mi lójú, ó lọ. Ìyàwó mi ní ẹja dà, mo fi fídíò hàn án. Ó ní ṣé fídíò lòun máa fi jẹ ẹ̀bà. Ohun kan ṣẹ́ kù: nǹkan kan gé okùn mi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn, féú, bí ìgbà téèyàn fi abẹ gé e.

BÀBÁ ÌBEJÌ: Ẹja bluefish nìyẹn, eyín rẹ̀ ló gé okùn rẹ. Má na ìka sẹ́nu rẹ̀ o. Bí wọ́n bá ti dé, tọ́jú soft plastic rẹ, jig onírin tó ti dípẹtà ni kó o máa jù sí wọn. Ó sì dùn tí wọ́n bá yan án lóòjọ́, sọ fún ìyàwó.