Òòbẹ̀ ti gba òkè àjà ilé oko: ṣé kí n dí ihò wọn pa?

Àgbẹ̀Ìdákẹ́jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé oko kan ni, páànù oníkọ́lọkọ̀lọ ló wà lórí rẹ̀, pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe àjà. Ó ti tó oṣù méjì tí ariwo wíwín-wíwín máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ìgbẹ́ dúdú wẹ́wẹ́ ń já bọ́ sára ògiri ẹ̀yìn, òórùn ìtọ̀ sì ti wọ yàrá. Ihò tí mo rí wà ní igun ilé, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Mo ní kí n fi sìmẹ́ńtì dí i lọ́sàn-án ọ̀la. Ṣé ìyẹn á tó, àbí kẹ́míkà kan wà tí n ó kọ́kọ́ fín?

Arìnkoẹlẹ́sẹ̀

Ẹ má dí i lọ́sàn-án o! Ọ̀sán gan-an ni gbogbo wọn wà nílé. Bí ẹ bá sé wọn mọ́ inú ibẹ̀, àwọn kan á kú, òórùn òkú á gba ilé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdin á sì máa já bọ́ láti àjà. Àwọn tó kù á wá ọ̀nà mìíràn. Inú yàrá ni wọ́n sábà máa ń já sí, láti ibi tí wáyà iná ti gba àjà kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé òòbẹ̀ ni. Ẹ fi igi gbé ìgbẹ́ kan sórí bébà funfun, ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ẹ wá fi igi náà tẹ̀ ẹ́. Ti òòbẹ̀ á fọ́ di lẹ́búlẹ́bú, ẹ ó sì rí ìyẹ́ kòkòrò tó ń dán wínní nínú rẹ̀. Ti eku tó ti gbẹ á le gbandi, kò ní fọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ní funfun lórí, alángbá tàbí ọmọńlé ló ni ín.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ẹnu ọ̀nà wọn, torí ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ẹyọ kan. Òòbẹ̀ kékeré á fún ara rẹ̀ gba ibi tí kò ju ààbọ̀ ínṣì lọ. Kí ènìyàn méjì dúró síta, ní igun méjì tó dojú kọra, kí kálukú lè máa wo ẹ̀gbẹ́ méjì ilé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ wà níbẹ̀ títí di wákàtí kan lẹ́yìn tó bá wọ̀. Alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ má ka alẹ́ òjò mọ́ ọn, wọn kì í fẹ́ jáde nígbà náà. Lọ́sàn-án, ẹ wo etí ihò dáadáa: èyí tí wọ́n ń gbà máa ń dúdú, á máa dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á. Ara wọn ló ń nu mọ́ ọn.

OnílẹÀgbàlá

Ẹ kó káńfọ̀ sókè. Bí ìyẹn ò bá ràn wọ́n, ẹ fi èéfín imí-ọjọ́ lé wọn.

KáfíńtàÒkèÀjà

Ẹ má bínú, ọ̀gá, mi ò bá yín lọ síbẹ̀. Káńfọ̀ tó máa lé òòbẹ̀ á pọ̀ débi pé ẹni tó sùn sábẹ́ àjà ló máa kọ́kọ́ sá. Bí òórùn rẹ̀ bá sì ti lọ, wọn á padà. Èéfín imí-ọjọ́ lábẹ́ òrùlé onígi? Ẹ ń pe iná nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń pariwo tí etí ènìyàn kì í gbọ́, owó dànù ni. Májèlé ló burú jù: òòbẹ̀ tó bá mu ún á máa já bọ́ sí àgbàlá, níbi tí ọmọdé àti ajá ti lè gbé e.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹ́ ara wọn jáde, kí wọ́n má sì rí ọ̀nà padà wọlé. Òun ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ dí gbogbo ihò tí wọn kì í gbà, kí ẹ fi èyí tí wọ́n ń gbà sílẹ̀. Lórí páànù oníkọ́lọkọ̀lọ, ibi tó bá ti yọ sókè lókè ògiri, ihò ni. Ẹ má lo sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Oòrùn ń mú kí páànù fẹ̀, òtútù òru á sún un kì, sìmẹ́ńtì á sán, á já. Wáyà nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ ò ju mílímítà 6 lọ ni kí ẹ gé ní fífẹ̀ ínṣì 4, ẹ ká a bí ẹní, kí ẹ fi igi tì í wọ ihò kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn á ṣì máa wọlé, àjà ò ní làágùn. Fóòmù náà lè dá òòbẹ̀ dúró, torí kì í jẹ nǹkan bí eku ti ń ṣe, àmọ́ bí eku bá wà nílé, yóò jẹ fóòmù náà.

Ẹ wá gé páìpù ike tí inú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 2, kí ó gùn ní ínṣì 10. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yọ̀. Bí ó bá rí ságisági, wọn á fi èékánná gùn ún padà. Ẹ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí ẹnu rẹ̀ tó wà níta, kí ó fi nǹkan bí ínṣì 6 rọ̀ sílẹ̀. Òòbẹ̀ á tì í jáde, ọ̀rá á sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dorí páìpù kọ ilẹ̀ díẹ̀, kí ẹnu tinú bá ihò dọ́gba. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: bí páìpù bá yọ wọnú jù, wọn ò ní rí ẹnu rẹ̀. Ẹ dí àyíká rẹ̀ dáadáa.

Bí ọ̀nà wọn bá gùn gbọọrọ, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì olówùú sójú rẹ̀. Ẹ kan òkè àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ kọjá ihò ní ẹsẹ̀ bàtà 2, láìkàn án. Wọn á rá jáde nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá padà, ojú ihò ni wọ́n máa kọjú sí, wọn ò ní mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni àyè wà.

Ihò tí wọ́n ń gbà kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún òru 7, ó kéré tán. Àwọn tó ń yọ ọ́ lẹ́yìn òru 2 ló ń dí òòbẹ̀ mọ́lé, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jáde lálaalẹ́. Bí ẹ bá ṣọ́nà tí ẹyọ kan ò jáde mọ́, ẹ yọ páìpù lọ́jọ́ kejì, kí ẹ dí ihò náà lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sìÌgbèríko

Ọ̀rọ̀ káfíńtà dára, àmọ́ ó gbàgbé ọmọ. Bí ìyá bá jáde tí kò lè wọlé mọ́, ọmọ tí kò tíì lè fò á kú sókè, a tún padà sí ọ̀rọ̀ òórùn àti ìdin. Ìgbà tí òòbẹ̀ ń bímọ kò rí bákan náà níbi gbogbo, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Lẹ́yìn tí àwọn àgbà bá ti jáde, ẹ yọjú sókè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ọ̀rá pupa bo ojú rẹ̀. Orí igi àjà ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe pákó.

Ẹ má fọwọ́ lásán mú òòbẹ̀ kankan, pàápàá èyí tó sùn sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ó lè ní àrùn dìgbòlugi, eyín rẹ̀ sì kéré débi pé ojú lè má rí ọgbẹ́ náà. Bí ó bá bunijẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ náà. Bí àmì àrùn yẹn bá ti hàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ má gbá ìgbẹ́ wọn ní gbígbẹ. Ebu kan tí wọ́n ń pè ní Histoplasma lè wà nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ lo ìbòmú N95, aṣọ lásán kò tó. Ẹ fi ike tó ń fọ́n omi bí ìrì rin ín, kí ẹ kó o sínú ọ̀rá méjì. Ẹ má da omi lé e o, àjà pákó tó bá mumi á wó lé yín lórí.

Àgbẹ̀Ìdákẹ́jẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo yọjú lálẹ́ àná: àwọn pípọ́n tí kò nírun so mọ́ igi, bíi 10. Kí ni kí n ṣe báyìí?

KáfíńtàÒkèÀjà

Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí ẹ tún yọjú kí ẹ tó so páìpù. Ní báyìí, ẹ dí àárín àjà àti yàrá: etí ẹnu ọ̀nà àjà, ojú wáyà, ibi tí pákó ti là. Ìyẹn ò pa ọmọ kankan lára, òórùn náà á sì dín kù. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ibi tí wọ́n so mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣì máa bá yín jẹ kòkòrò oko, ẹ kan àpótí pákó sórí òpó tó ga tó mítà 4, jìnnà sí ilé. Kí àlàfo inú rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kí ẹ má fá inú pákó náà, torí wọ́n nílò ibi tí èékánná á ti dì mú. Ẹ gbé e sókè báyìí, kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀kùn ilé tó tì.