Etí irun ń fún mi ní wàhálà lórí layer mask

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ń lo Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, láti yọ àwòrán obìnrin kan kúrò níwájú ògiri funfun, kí n lè gbé e sórí layer (ìpele àwòrán) ojú ọ̀run òru. Ó yé mi pé lórí layer mask, ìyẹn ìbòjú tí a ń fi sórí layer, dúdú ń bo nǹkan, funfun ń fi í hàn. Aṣọ àti èjìká ti gún régé. Irun ló kù! Funfun ògiri ṣì lẹ̀ mọ́ etí irun náà bí ìyẹ̀fun. Tí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú kùn ún, irun á dà bí èyí tí wọ́n fi abẹ gé. Ṣé Select and Mask, irinṣẹ́ inú Photoshop tó ń tún etí ohun tí a yàn ṣe, ni kí n lò, àbí kí n fi àwọ̀ irun kun layer tuntun tí mo so mọ́ tirẹ̀? Ẹ má dárúkọ rọ́bà ìparẹ́ fún mi o, ojú mi ti rí nǹkan.