Lórí àbá "afibọ́ńpàfà", "olùgbà" àti "ìwúwo ahọ́n"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ láti Texas. Wọ́n ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ máa fi píkọ́ọ̀pù fa kẹ̀kẹ́ ẹrù (trailer). Wọ́n ní kí a pe bumper pull ní "afibọ́ńpàfà", kí receiver hitch, irin oníhò tí wọ́n dè mọ́ abẹ́ ìdí ọkọ̀, máa jẹ́ "olùgbà", kí tongue weight, ìyẹn ìwúwo tí iwájú kẹ̀kẹ́ ẹrù fi ń tẹ ìdí ọkọ̀, sì di "ìwúwo ahọ́n". Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n dáwọ́ lé, mo kí wọn gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn lè ṣe ènìyàn léṣe, n kò sì lè dákẹ́.

Lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, bumper pull kò túmọ̀ sí pé bọ́ńpà ló ń fa nǹkan. Gbogbo kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n bá so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ sí gooseneck, èyí tí orí rẹ̀ máa ń jókòó sínú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, lókè ibi tí táyà ẹ̀yìn wà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ́ bumper pull yìí kò fara kan bọ́ńpà rárá. Ara irin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ṣásí, egungun abẹ́ ọkọ̀, ni wọ́n ń so wọ́n mọ́. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ mọ èyí. Àlejò tó bá ka "afibọ́ńpàfà" ní èdè abínibí rẹ̀, ihò tó wà lórí bọ́ńpà ni yóò lọ bá tààrà.

Ẹnìkan ti fèsì níbí pé awakọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, pé orúkọ kò lè ṣì í lọ́nà. N kò gbà. Torí ẹni tí kò tíì mọ̀ ni a ṣe ń kọ ìwé náà. Ẹ jẹ́ ká wo iye tó wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ bọ́ńpà píkọ́ọ̀pù tó ní ihò fún bọ́ọ̀lù ìfà (bọ́ọ̀lù irin tí orí kẹ̀kẹ́ ẹrù máa ń jókòó lé), wọ́n tẹ iye tó lè gbà sára irin rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ 5,000 pọ́n-ùn, nǹkan bí 2,270 kílò, fún gbogbo kẹ̀kẹ́ àti ẹrù inú rẹ̀, kí ohun tó tẹ orí bọ́ọ̀lù má sì ju 500 pọ́n-ùn lọ. Ti àwọn mìíràn kéré sí i, òmíràn kò sì ní iye kankan, èyí tó fi hàn pé a kò gbọ́dọ̀ fi í fa nǹkan. Irin ti ara ṣásí ní ìpele tirẹ̀: ìpele kẹta sábà máa ń gbà tó 8,000 pọ́n-ùn, ìkẹrin tó 10,000. Wàyí o, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò lè wúwo tó 2,000 pọ́n-ùn kí wọ́n tó gbé nǹkan kan lé e. Ẹ gbé Camry kan lé e, ẹ ti kọjá agbára bọ́ńpà. Irú ẹrù tí ọmọ wa máa ń fà láti ìlú kan sí òmíràn nìyẹn.

Bí a tilẹ̀ gbé ewu tì, ọ̀nà tí wọ́n gbà dá ọ̀rọ̀ náà kò dán mọ́rán. Ẹ wo afàyàfà, orúkọ tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ fún ejò àti alángbá: ohun tó ń fi àyà fà nílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ afibọ́ńpàfà yóò rò pé ohun kan tó ń fi bọ́ńpà wọ́ nílẹ̀ ni. A- olóhùn àárín yẹn ń tọ́ka sí olùṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni kẹ̀kẹ́ ẹrù kò ṣe nǹkan kan. Òun ni wọ́n ń fà. À- olóhùn ìsàlẹ̀ ló yẹ ẹ́, bíi ti àsomọ́ tí gbogbo wa ń lò fún fáìlì tí a so mọ́ ímeèlì. Àbá tèmi ni àsomẹ́yìn fún bumper pull, àti àgbélẹ́yìn fún gooseneck, nítorí a so ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn, a sì gbé èkejì lé ẹ̀yìn. Inú mi dùn pé ẹ̀gbọ́n yan kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọn kò lo tírélà. Nílé, tírélà ni ọkọ̀ gbọọrọ tó ń gbé kọ̀ǹténà jáde ní Àpápá.

"Olùgbà" ńkọ́? Ènìyàn ni etí wa ń retí lẹ́yìn olù-. Ohun tí a ń sọ jẹ́ irin oníhò igun mẹ́rin, ínǹsì méjì sí méjì lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, tí wọ́n ń ti ọ̀pá irin bọ̀, tí wọ́n á wá fi píìnì há a. Yorùbá ti ní orúkọ fún ilé tí a ń ti nǹkan gígùn bọ̀: àkọ̀. Òwe pàápàá sọ pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Àtakò kan wà tí mo kà sí gidi: bí ẹnìkan bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, wọn á kà á sí akọ, ìdàkejì rẹ̀ pátápátá, torí abo ni mẹkáníìkì ń pe irin oníhò, ọ̀pá tó ń wọ inú rẹ̀ ló ń pè ní akọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ àkọ̀ ṣásí, kí orúkọ náà sọ ibi tí wọ́n dè é mọ́. Ọ̀pá náà yóò sì jẹ́ ọ̀pá àtìbọ̀.

Ní ti "ìwúwo ahọ́n", Amẹ́ríkà ló ń pè é ní ahọ́n. Àwọn ará wa ní London ń gbọ́ noseweight, imú ni tiwọn. Bí a bá tẹ̀ lé àwọn méjèèjì, ohun kan ṣoṣo yóò ní ẹ̀yà ara méjì. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kí a wò: ó ń tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Mo dá a lábàá pé kí ó jẹ́ ìwúwo ìtẹ̀. Amẹ́ríkà fẹ́ kí ó wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo kẹ̀kẹ́. Fún káráfáànù, ilé kékeré tí mọ́tò ń fà, ìdá 5 sí 7 ni wọ́n sábà ń sọ ní Bìrìtìkó. Bó bá kéré jù, kẹ̀kẹ́ á máa jù síbí jù sọ́hùn-ún lórí eré. Bó bá pọ̀ jù, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, sítíárì kò ní gbọ́ràn dáadáa.

Gbólóhùn tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fi rọ́pò ti ojú ìwé kejì rèé: "Bí àsomẹ́yìn yín bá wúwo ju iye tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ńpà lọ, ẹ má so ó mọ́ bọ́ńpà. Ẹ ti ọ̀pá àtìbọ̀ bọ àkọ̀ ṣásí, ẹ fi píìnì há a, kí ẹ sì gbé ẹ̀wọ̀n méjèèjì kọjá lórí ara wọn lábẹ́ ibi tí ẹ ti so ó. Nínú ọkọ̀, àkọ̀, ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù, èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù ni kí ẹ fi wọn ẹrù yín."