Ìdétí ni mo fara mọ́: orúkọ ohun tí díjéè ń dé sí etí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àárọ̀ o. Láti ìjẹta ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí hẹ́dífóònù. Mo dákẹ́ nítorí mo fẹ́ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń fi nǹkan náà jẹun. Ẹni náà ni àbúrò mi, tó ń ṣe díjéè ní Ṣàgámù.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọ̀rẹ́ wa kan láti Ìkẹ́nnẹ́ ń kọ àlàyé fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ díjéè, lórí irú hẹ́dífóònù tó yẹ kí wọ́n rà. Ó ní kí a bá òun wá orúkọ tí òun máa fi pè é ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n wa kan mú agbóhùnsétí wá. Ẹlòmíràn mú ìbotí wá. Ẹnìkẹta ní kí a fi hẹ́dífóònù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣebí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹnìkẹta yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe hẹ́dífóònù ni a ń pè é ládùúgbò wa, íapíìsì ni. Èyí tó wọnú ihò etí, íapíìsì. Èyí tó bo gbogbo etí, íapíìsì. Èyí tí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú fóònù, íapíìsì náà ni. Àbúrò mi fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ lówó pé kó lọ sí ọjà Àlábà ní Èkó kó lọ ra íapíìsì tirẹ̀, kó yé tọrọ ti ọ̀gá. Ọmọ náà lọ, ó ra íapíìsì, ó sì padà dé tayọ̀tayọ̀ pẹ̀lú àwọn kékeré méjì tí a ń kì bọ etí. Kò ṣe ohun tí wọn kò rán an. Ọ̀rọ̀ tí a fi rán an ni kò tó.

Ọjọ́ tí mo rí àbájáde rẹ̀ ni ọjọ́ tí mo tẹ̀ lé wọn lọ síbi ìnáwó òkú àgbà kan ní Ìpẹ́rù. Sípíkà mẹ́rin tó ga ju èmi lọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn. Àbúrò mi ní kí ọmọ náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Orin kan ń lọ, ó fẹ́ mú òmíràn wọlé, ó sì ní láti gbọ́ èyí tó ń bọ̀ kí àwọn tó ń jó tó gbọ́ ọ. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ariwo sípíkà ń gba ẹ̀gbẹ́ nǹkan kékeré yẹn wọlé sí i létí. Ó gbé ohùn íapíìsì náà sókè dé òpin, ó ṣì ń wojú ọ̀gá rẹ̀. Ó wá ti orin kejì wọlé bí afọ́jú. Ìlù méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí kọlu ara wọn, agogo ti ọ̀tún ò bá ti òsì mu, àwọn ìyá tó ti na ọwọ́ sókè dúró wọ́n ń wo ara wọn. Àbúrò mi yọ tirẹ̀ lọ́rùn, ó dé e, ó tẹ apá kan mọ́ etí òsì, ó yí apá kejì sẹ́yìn kúrò ní etí ọ̀tún. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, orin ti bọ́ sí ojú ọ̀nà.

Mo bi í nígbà tí ara rọ̀ díẹ̀ pé kí ló ṣe gan-an. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo tọ́ ọ wò ni."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé wá sílé. Lẹ́yìn kánópì níbẹ̀, àwọn ìyá olóúnjẹ ń ro ìkọ́kọrẹ́. Ọ̀kan nínú wọn bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a, ó sì bu iyọ̀ sí i. Kò sí àlejò kan tó mọ̀ pé iyọ̀ rẹ̀ ti dín rí. Iṣẹ́ kan náà ni. Bọ́tìnnì kan wà lórí míkísà (ẹ̀rọ tí a fi ń po orin pọ̀) tí díjéè ń tẹ̀, tí orin tó ń bọ̀ yóò fi dún sí etí òun nìkan. Òyìnbó ń pè é ní cue. Mo dá a lábàá pé kí a pe iṣẹ́ náà ní ìtọ́wò, kí bọ́tìnnì náà jẹ́ bọ́tìnnì ìtọ́wò. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni á tún bi wá pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí orúkọ ohun èlò náà fúnra rẹ̀. Agbóhùnsétí kò ní àbùkù ní ti ìlànà ìṣẹ̀dá: a-gbé-ohùn-sí-etí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán. Ṣùgbọ́n fóònù náà ń gbé ohùn sí etí. Ẹ̀rọ tí àwọn àgbà tí etí wọn ti wúwo ń lò ń gbé ohùn sí etí. Íapíìsì tí ọmọ yẹn rà ń gbé ohùn sí etí. Tí a bá fi agbóhùnsétí rán an lọ sí Àlábà, ohun kan náà ni yóò tún rà bọ̀.

Ìbotí sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ní ìbòjú, a ní ìbòrí, a ní ìborùn, etí náà lẹ́tọ̀ọ́ sí tirẹ̀. Ibi tí mo ti yà kúrò ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú rẹ̀. Bò àti dé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tó rọ̀, tó ṣeé tẹ́, ni a sábà fi ń bo nǹkan: aṣọ, ewé, iyẹ̀pẹ̀. Ohun tó ní ìrísí tirẹ̀, tó ń jókòó lé orí tàbí ẹnu nǹkan, ni a fi ń dé e. A ń dé fìlà. A ń dé igbá lé ọbẹ̀. Ìdérí ìkòkò ni a ń pè é, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ìbòrí ìkòkò. Ìbòrí, ti obìnrin ni. Ẹ fi aṣọ bo ìkòkò, òórùn ọbẹ̀ á máa jáde. Ẹ dé e, ó dúró sínú.

Ẹ wá wo ohun tó wà lọ́wọ́ díjéè. Ike líle ni, ó jinnú bí ahá, tìmùtìmù yí ẹnu rẹ̀ ká, ẹ̀yìn rẹ̀ dí pátápátá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ariwo ìta má wọlé, kí ohùn inú má jáde. Ìdérí ni, àmọ́ ti etí. Bí ì + dé + orí ṣe di ìdérí, bẹ́ẹ̀ ni ì + dé + etí ṣe di ìdétí. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ìlànà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí a tó bí wa, ó sì sọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe. Kí èyí tó ń wọnú ihò etí máa jẹ́ àfisétí.

Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo rántí pé ilé ìdáná ni ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú ohun èlò yìí ti wá. Nathaniel Baldwin, ará Utah ní Amẹ́ríkà, ló ṣe èyí tí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1910, ilé ìdáná rẹ̀ ló sì ti ń tò wọ́n pọ̀.

Ẹnìkan bi mí ní ìkọ̀kọ̀ pé ṣé kò lè jẹ́ abetí. Abetí-ajá ti gba ìyẹn: fìlà tí apá rẹ̀ méjèèjì rí bí etí ajá. Ẹ pe abetí ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, orí àwọn ọkùnrin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni gbogbo ojú máa lọ.

Àtakò tó wúwo jù lọ́dọ̀ mi ni ti bàbá wa láti Ìlíṣàn, tí wọ́n ní ìdétí ti sún mọ́ adití jù, pé ta ló fẹ́ fi orúkọ tó jọ ti ẹni tí kò gbọ́ràn pe ohun tí a fi ń gbọ́ràn. Ẹ ṣeun, bàbá. Mo sùn lé e lórí. Dí, tó wà nínú adití, àti dé jìnnà síra wọn. Ohun tó dí, ọ̀nà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí a dé, a ó ṣí i. Ìkòkò tí a dé kì í ṣe ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ dí.

Ohun tó sì tún mú kí n dúró ti dé ni pé òun gan-an ló ń gba díjéè lọ́wọ́ dí, kí ó má baà di adití. Àwọn onímọ̀ ìlera ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n sí i (dẹ́síbẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó): ariwo dẹ́síbẹ̀lì 85, kí etí má gbà á ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Tó bá fi dẹ́síbẹ̀lì mẹ́ta lé sí i, kí àkókò náà dín kù sí ìdajì. Ẹ ṣírò rẹ̀ lọ sókè: ní 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló kù. Ìnáwó ilẹ̀ wa máa ń dé 100, ó sì máa ń kọjá. Ọmọ tí ohun etí rẹ̀ kò dé dáadáa á gbé ohùn rẹ̀ sókè títí yóò fi borí sípíkà, bí ọmọ Ìpẹ́rù yẹn ti ṣe, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di òru, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó dé pinpin ni ó lè fi ohùn kékeré gbọ́. Nítorí náà, bàbá, mo rọ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì wà nítòsí ara wọn. Ẹni tó bá kọ àlàyé fún àwọn ọmọ náà lè fi ọ̀kan kìlọ̀ fún wọn nípa èkejì.

Ọ̀rẹ́ wa láti Ìkẹ́nnẹ́, ohun tí àbúrò mi ní kí n fi kún àlàyé yín nìyí. Apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣeé yí sẹ́yìn, torí etí kan ni díjéè fi ń tọ́ orin wò, ó sì fi èkejì sílẹ̀ fún ohun tí àwùjọ ń jó sí. Etí ọba nílé, etí ọba lóko. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Orin tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ń lọ déédéé. Amapiano, bí àpẹẹrẹ, máa ń wà ní nǹkan bí ìlù 112 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ sì lè bá yín kà á. Ṣùgbọ́n fújì àti jùjú àtijọ́, onílù ló fi ọwọ́ lù wọ́n. Bí ara bá ṣe ń yá wọn ni ìlù ń sáré, tí ó sì ń falẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá gbé jáde lè ṣì yín lọ́nà níbẹ̀. Etí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ta ló sì fẹ́ ṣe ìnáwó ní Rẹ́mọ láìfi fújì sí i?

Kí wọ́n má ra aláìníwáyà fún iṣẹ́ yìí. Ohùn tó bá gba Bluetooth kọjá sábà máa ń pẹ́ kó tó dé etí, ó lè tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú orin tó ń lu 120 ní ìṣẹ́jú kan, àárín ìlù kan sí èkejì kò ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ẹ wo bó ṣe máa ṣi díjéè lọ́nà. Kí wáyà náà ṣeé yọ, torí wáyà ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹnu jáàkì míkísà sábà máa ń tóbi, mílímítà 6.35, ti fóònù sì jẹ́ 3.5, kí wọ́n rántí gba èyí tó ń so wọ́n pọ̀.

Ẹnìkan máa béèrè nípa hẹ́dífóònù Sennheiser HD 25 ti Jámánì, tó ti wà láti 1988, tí ọ̀pọ̀ díjéè ṣì ń lò nítorí ó fúyẹ́, nǹkan bíi gíráàmù 140, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló sì ṣeé pààrọ̀. Kò tóbi tó láti gba gbogbo etí sínú, orí etí ló ń jókòó lé. Ṣé ìdétí náà nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ni. Fìlà tó kéré sí orí, a ṣì ń dé e ni.

Èyí tó kù tí kò yé mi tó ni irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ihò, tí àwọn tó ń dá orin gbọ́ nílé fẹ́ràn, tí kò wúlò fún díjéè rárá torí gbogbo ariwo ló ń wọlé. Ìdétí ajere ni mo ń pè é báyìí, torí ìkòkò tí ihò wà lára rẹ̀ káàkiri ni ajere. Àmọ́ iná ni a ń gbé ajere kà, etí kò sì jọ iná. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, mo ń retí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá àbúrò mi tún fún ọmọ náà lówó. Lórí bébà tó kọ fún un: "ìdétí, kì í ṣe àfisétí. Kó dé pinpin. Kó ní wáyà. Tí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀ ọ́n, pè é ní hẹ́dífóònù fún un." Ó ti rà á dé.