Àbọ̀ ìbéèrè mi: ohun tí mo fi ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé

Ẹ kú dédé ìwòyí o. Mo béèrè lọ́jọ́sí pé kí ni mo lè fi sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé mi n'Íbàdàn, láìlo búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì. Ẹ dárúkọ tapólì, dúróòmù, àti tánkì oníke 1000 lítà tó wà nínú kéèjì irin. Mo dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò.

Tánkì ló dáa jù. Àlòkù ni, òróró ni wọ́n fi gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n gbóòórùn rẹ̀ kí n tó sanwó, ẹ ṣeun gan-an: èyí tí mo kọ́kọ́ rí ń rùn kẹ́míkà, mo sì fi í sílẹ̀. Mo gé òkè rẹ̀, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí kò fi yọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ omi tó wà nídìí rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Bí mo bá ṣí i láàárọ̀, ìgbẹ́ ẹja àti omi dúdú ló ń kọ́kọ́ tú jáde, tààrà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú ẹja 50 tí mo kó sí i, 46 ló dàgbà.

Tapólì ṣiṣẹ́ díẹ̀. Eku dá a lu, ihò bí orí abẹ́rẹ́, ilẹ̀ mọ́, omi ti fà. Mo lẹ̀ ẹ́, mo tẹ́ àpò ìrẹsì sábẹ́ rẹ̀. Kò jò mọ́ láti ìgbà náà.

Dúróòmù kéré jù. Àwọn ọmọ ẹja tó yára dàgbà, tó ń jẹ ẹgbẹ́ wọn, ni mo ń yà sí i.

Ó ku oòrùn. Omi tánkì ṣì ń di àwọ̀ ewé bí mo tilẹ̀ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Mo fẹ́ fi páànù ṣe òrùlé lé e lórí.