Àbúrò mi ní Jésù ti san gbèsè òun. Ṣé kò wá ní san owó àjọ àwọn èèyàn padà ni?

Oníbéèrè, Ìtòkú:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń di ìjà nínú ilé wa.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tajà ní Kútọ̀. Ẹ mọ bí àjọ ojoojúmọ́ ṣe rí: oníkálukú ní káàdì tirẹ̀, alájọ á máa fàmì sí i lójoojúmọ́, tí oṣù bá parí á mú owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún olówó. Lọ́dún tó kọjá, ó ná nínú owó náà. Kò sẹ́ ẹ, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún èmi àti màmá wa. Láti ìgbà náà ló ti ń bá àwọn kan ṣe ìpàdé àdúrà, ká sì sọ tòótọ́, ó yí padà. Kò mutí mọ́. Ó ń ka Bíbélì jù mí lọ.

Ṣùgbọ́n tí a bá ti mẹ́nu ba owó àwọn ìyá wọ̀nyẹn, ohun tó máa ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn nù, pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í san án, a jẹ́ pé òun ti padà sábẹ́ òfin nìyẹn, òun fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ òun ra ohun tí Ọlọ́run fún òun lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ìwé Gálátíà ló sọ bẹ́ẹ̀. Màmá wa ní tiwọn ń gbààwẹ̀, wọ́n ní àfi kó san án kí Ọlọ́run tó lè dárí jì í. Èmi wà láàrin àwọn méjèèjì, ọkàn mi ò sì gba ti ẹnì kankan nínú wọn tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀gúsí wá bá mi ní ìsọ̀ àdìrẹ mi. Ó gbé káàdì rẹ̀ lé orí aṣọ, àmì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Kò bú mi o. Ó kàn ní kí n bá òun kà á wò, bóyá òun ló ṣì í kà.

Kí ni kí n sọ fún àbúrò mi láti inú Ìwé Mímọ́? Àti pé, ṣé kí n ta nínú ọjà mi kí n bá a san án?

Ìyá Ìjọ, Àdátán:
Ó gbọ́dọ̀ san án. Éfésù 4:28 ní kí ẹni tó ń jalè má jalè mọ́, kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó lè rí nǹkan fún aláìní. Owó àwọn ìyá arúgbó! Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra.

Arábìnrin kan, Ọbáńtókò:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sùúrù bá a sọ ọ́. Inú ìjọ tí òfin ti pọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Wọn a wo irun orí ẹni, wọn a wo etí bóyá a lu ú. Ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé, iwájú ìjọ ni yóò kúnlẹ̀ sí. Mo ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run, n kì í sì í lè san án, ẹ̀rù a wá máa bà mí láti sùn lóru. Nígbà tí Róòmù 8:1 yé mi, pé kò sí ẹ̀bi fún ẹni tó wà nínú Kristi, mo sunkún. Ẹni tó bá jáde nínú irú àjàgà yẹn, bó bá gbọ́ "o gbọ́dọ̀", ara rẹ̀ á bù máṣọ.

N kò ní kó má san owó o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí màmá bá ń wí pé ìgbà tó bá san án tán ni Ọlọ́run yóò tó dárí jì í, àbúrò yín jàre níbẹ̀ yẹn.

Bàbá kan, Aké:
Ọmọ mi, arábìnrin yìí sọ òótọ́. Àmọ́ Gálátíà tí àbúrò rẹ dì mú, kó kà á dé orí 5. Ẹsẹ 4 ní àwọn tó ń wá kí òfin dá wọn láre ti ṣubú kúrò nínú oore-ọ̀fẹ́. Ẹsẹ 13 kò sì jìnnà síbẹ̀: a pè wá sí òmìnira, kí a má sọ òmìnira náà di àyè fún ara, kí a máa fi ìfẹ́ sin ara wa. Ìkọlà ni ìjà tí Pọ́ọ̀lù ń bá wọn jà. Àwọn kan ló ní láìkọlà, kò sí ìgbàlà. Kò sẹ́ni tí Pọ́ọ̀lù bá wí pé ó san owó olówó.

Wo bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ṣe tò ó. Ní Ẹ́kísódù, orí 12 ni Ísírẹ́lì jáde ní Íjíbítì, orí 20 ni òfin mẹ́wàá dé. Kò lọ bá wọn ní oko ẹrú kó ní ẹ pa òfin mọ́ kí n tó gbà yín sílẹ̀. Kó tó sọ òfin àkọ́kọ́ pàápàá, ó kọ́kọ́ rán wọn létí pé òun ló mú wọn jáde. Ibẹ̀ ni kí màmá rẹ wò. Nígbà tó sì mú wọn jáde tán, ó ní, "Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè." Ibẹ̀ ni kí àbúrò rẹ wò.

Sákéù agbowó-orí ńkọ́, ní Lúùkù 19? Orí igi ló wà tí Jésù ti pè é lórúkọ, tó ní ilé rẹ̀ lòun yóò wọ̀ lónìí. Kò tíì san kọ́bọ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀yìn tí Jésù gbà á tán ló dìde dúró, tó ní bí òun bá rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Jésù kò pa á láṣẹ. Òfin Mósè ní Númérì 5 sì ní kí ẹni tó jẹ̀bi san ojú owó, kó fi ìdámárùn-ún lé e. Ìlọ́po mẹ́rin ju ìyẹn lọ fíìfíì. Oore-ọ̀fẹ́ ló mú un ṣe kọjá ohun tí òfin bèèrè. Bí ti àbúrò rẹ bá wá kéré sí ti òfin, kó yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa.

Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa pé Ìwé Róòmù wà lára apá Bíbélì tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Àjàyí Crowther, ní 1850, ọdún méjì lẹ́yìn tí Àfàlà ìyá rẹ̀ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta wa níbí. Ìwé Jákọ́bù, tó ní ìgbàgbọ́ láìsí iṣẹ́ òkú ni, tẹ̀lé e láìpẹ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́.

Oníbéèrè, Ìtòkú:
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mo kà á sí i létí lálẹ́ àná. Ti Sákéù mú un dákẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó ní Jésù kò tíì kú nígbà yẹn, pé abẹ́ májẹ̀mú láéláé ni Sákéù wà. Kí ni mo fẹ́ fèsì?

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, Ìbarà:
Ẹ ní kó ka Fílémónì. Orí kan péré ni. Ẹ̀yìn àgbélébùú ni wọ́n kọ ọ́, Pọ́ọ̀lù tó kọ Gálátíà náà ló sì kọ ọ́. Ónẹ́símù ẹrú kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó di onígbàgbọ́ lọ́wọ́ Pọ́ọ̀lù. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń dá a padà, ṣé ó kọ̀wé pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti pa gbèsè yẹn rẹ́? Ẹ ka ẹsẹ 18 àti 19. Ó ní bó bá jẹ ọ́ ní gbèsè, kà á sí mi lọ́rùn, èmi yóò san án, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ ọ́. Gbèsè tí a jẹ Ọlọ́run ni Jésù san. Owó ìyá ẹlẹ́gùúsí ṣì wà lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́.

Ẹ tún bi í ní ọ̀rọ̀ kan fún mi. Nígbà tó ń jáwọ́ nínú ọtí, ó ní láti kọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní láti gba ọ̀nà míì lọ sílé. Akitiyan nìyẹn, kò sì pè é ní òfin. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìdí owó nìkan ni akitiyan ti wá di òfin? Fílípì 2:12 ní kí a ṣiṣẹ́ ìgbàlà wa yọrí. Ẹsẹ 13 ní Ọlọ́run ló ń ṣiṣẹ́ nínú wa, láti fẹ́ àti láti ṣe é. Ọlọ́run tó gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lè fún un ní ọkàn àti okun tí yóò fi san owó yìí. Kó bẹ̀ ẹ́ fún un, kó sì dìde.

Màmá onígaàrí, Kútọ̀:
Ọmọ mi, má ta ìsọ̀ rẹ o. Bí Pọ́ọ̀lù ṣe gba gbèsè rù yẹn, kò burú bí o bá bá a gbé díẹ̀. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù dá Ónẹ́símù padà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ. Àbúrò rẹ ni kó wá sọ́jà. Kó mú ìwé tó fi ń kọ owó sílẹ̀ dání, kó jókòó ti àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi káàdì wé ìwé. Kó sọ iye tí agbára rẹ̀ ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má ṣèlérí ńlá. Ẹ kọ́kọ́ mú un dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà kí wọ́n lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tó ń bí wa nínú jù ni pé a ò rójú ẹ̀.

Oníbéèrè, Ìtòkú:
Ẹ ṣeun, màmá. Ó ti ka Fílémónì. Kò tíì ní òun gbà, àmọ́ ó bi mí pé èwo nínú wọn ni ìyá ẹlẹ́gùúsí yẹn, mo sì rí i tó ń wá ìwé owó náà lábẹ́ ibùsùn. Mo ti bẹ màmá wa kí wọ́n má sọ pé Ọlọ́run ò tíì dárí jì í mọ́. Ìgbà wo ló dára ká wá, tí oníbàárà ò ní pọ̀ lọ́rùn yín?

Màmá onígaàrí, Kútọ̀:
Àárọ̀ kùtù, kí ọjà tó kún. Kó má wá lọ́wọ́ òfo, bó ti wù kó kéré mọ. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́gùúsí ni kó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ló dàgbà jù nínú wa.