Ẹ gbà mí o: wọ́n fi ìwé kan pamọ́ nínú ẹjọ́ àbúrò mi

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Ọdún méje rèé tí àbúrò mi ti wà lẹ́wọ̀n ní Amẹ́ríkà níbí, wọ́n ní ó pààyàn. Owó ilẹ̀ Màmá ló bá lọ́yà lọ. Ìyàwó ẹ̀ kì í gbé ìpè mi mọ́, èmi tí mo ṣe alárenà wọn! Mo wá rí ìwé kan, ohun tí ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá. Ó ní ẹni tó yìnbọn ń tiro. Àbúrò mi ò tiro rí. Ìwé yìí ò dé kóòtù. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nílé, ọdún mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi dúró de ìdájọ́, wọ́n ní fáìlì sọnù. Ààwẹ̀ ni mo gbà.

Bàbá Tòkunbọ̀: Òfin wà! Ẹjọ́ Brady ní Maryland, 1963, kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ló dá a: ìjọba ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tó lè gba olùjẹ́jọ́ là pamọ́, ì báà mọ̀ọ́mọ̀, ì báà ṣèèṣì. Wọn á tú u sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Bàbá, ẹ rọra. Brady fúnra ẹ̀ ò gba ìdáǹdè níbẹ̀, ìjìyà ẹ̀ nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n tún gbọ́. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ lágbára débi tó lè yí ìdájọ́ padà. Ẹ̀gbọ́n, ṣé lọ́yà yín ò rí i nígbà yẹn? Ìgbà wo ló tẹ̀ yín lọ́wọ́?

Ẹni tó béèrè: Lọ́yà kọ ọ́ síwèé pé òun ò rí i rí. A ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, a pàdánù. Ìyàwó ẹ̀ ò tiẹ̀ wá sí kóòtù lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ tọ́jú ìwé lọ́yà yẹn. Nínú ẹjọ́ Kyles, 1995, wọ́n ní bó bá jẹ́ ọlọ́pàá nìkan ló mọ̀, ọrùn ìjọba náà ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ ò dáhùn: ìgbà wo? Kóòtù ìpínlẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ lọ, ó ní gbèdéke tiẹ̀. Ní ti kóòtù ìjọba àpapọ̀, ọdún kan péré ni òfin 1996 fúnni, láti ọjọ́ tó yẹ kéèyàn ti rí ẹ̀rí náà.

Ẹni tó béèrè: Ẹ má pariwo mọ́ mi. Inú àpótí aṣọ ni mo fi sí. Mo ń retí kí ìyàwó ẹ̀ wá bẹ̀ mí kí n tó mú un jáde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọjọ́ tó wà lára àpòòwé ni. Oṣù mọ́kànlá ó lé ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ọmọ ìyá yín!

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ má kọ nǹkan kan síbí mọ́. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ lọ bá àwọn lọ́yà tí ìjọba ń sanwó fún. Ẹ mú àpòòwé náà dání.